Ọjọ́ Orí Lọjà: Ibi Tí Ariwo Orí Ọmọ Olórin Klásíkà Ti Bẹ̀rẹ̀

Ẹ wo fídíò ọmọ kékeré tó ń tẹ dùùrù lórí fóònù yín, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sórí ẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ orí ọmọ náà ló máa ń ṣáájú, orúkọ ẹ̀ á tẹ̀ lé e, orúkọ ẹni tó kọ orin yẹn ló máa gbẹ̀yìn tí wọ́n bá tiẹ̀ rántí kọ ọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe mí bíi kí n mọ ibi tí àṣà yìí ti ṣẹ̀, torí mo fẹ́ràn orin klásíkà gan-an, ó sì máa ń dùn mí bí wọ́n ṣe máa ń pariwo ọmọ kan ṣáá, tó bá wá dàgbà tán ẹnikẹ́ni ò ní béèrè ẹ̀ mọ́. Mo wá ìdí ẹ̀ títí, London ọdún 1764 ló gbé mi dé.

Bàbá kan wà tó ń jẹ́ Leopold Mozart, ará Salzburg tó wà ní Austria lónìí, olórin ni lọ́dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú yẹn. Ọmọ méjì ló kó dání, Nannerl tí wọ́n bí ní 1751 àti Wolfgang, Mozart tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, tí wọ́n bí ní January 1756. Ọmọ ọdún 6 ni Wolfgang nígbà tí wọ́n lọ ṣeré fún ọbabìnrin Maria Theresa ní Vienna, nígbà tó sì di June 1763 wọ́n tún gbéra, wọn ò padà sílé àfi November 1766. Ọdún mẹ́ta ó lé, inú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, láti ìlú dé ìlú, àìsàn ń gbé àwọn ọmọ yẹn ṣánlẹ̀ wọ́n sì ń dìde padà sídìí dùùrù.

Ọmọ tó mọ orin ti wà kó tó di ìgbà tiwọn o. Àwa náà ṣáà máa ń sọ pé ọmọ tó máa jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí Leopold gbà polówó tiẹ̀ la ṣì ń tọ̀ títí dòní. Nígbà tí wọ́n wà ní Paris, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Carmontelle ya bàbá àti ọmọ méjèèjì nídìí orin, Leopold ní kí wọ́n fín àwòrán yẹn kí wọ́n lè tẹ ẹ̀dà ẹ̀, ó sì ń tà á káàkiri ibi tí wọ́n bá dé. Ní London ó wo kàlẹ́ńdà, ó rí i pé June 4 ni ọjọ́ ìbí ọba George Kẹta, àwọn ọlọ́lá á ti wọ ìlú, ló bá fi kọ́ńsáàtì sí June 5. Ó wá gbé ìpolówó jáde nínú ìwé ìròyìn pé ọmọbìnrin ọdún 11 àti ọmọkùnrin ọdún 7, iṣẹ́ ìyanu, ló ń bọ̀ wá ṣeré.

Ẹ ṣírò ẹ̀. Ọmọ ọdún 8 ni Wolfgang nígbà yẹn, Nannerl sì ti pé 12. Bàbá wọn ti yọ ọdún kọ̀ọ̀kan kúrò lórí àwọn méjèèjì.

Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀, torí ó fi hàn pé ọjọ́ orí lọjà, orin wulẹ̀ wà pẹ̀lú ẹ̀ ni. Ọjà tó sì jẹ́ ọjọ́ orí, ojoojúmọ́ ló ń bàjẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì kọ́ńsáàtì June 5 yẹn, ìlàjì gíníì ni, ìyẹn ṣílè 10 àti sísì. Nígbà tó máa fi di July 1765, ilé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Swan and Hoop ní Cornhill ni àwọn ọmọ yìí ti ń ṣeré lójoojúmọ́, láti aago 12 sí aago 3, ṣílè 2 àti sísì lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ìpolówó yẹn tún ní wọ́n máa da aṣọ ìnujú bo ojú dùùrù, kí àwọn ọmọ méjèèjì jọ tẹ̀ ẹ́ láìrí ibi tí ọwọ́ wọn ń bà. Tí ojú èèyàn bá ti ń sú ọmọ, ẹ máa rí i pé wọ́n á wá idán kún un.

Àwọn kan ò tiẹ̀ gbà pé ọmọdé ni. Ọ̀gbẹ́ni Daines Barrington lọ dán Wolfgang wò nílé ní June 1765, ó gbé orin tí kò rí rí síwájú ẹ̀, ó ní kó kọ orin ìfẹ́ àti orin ìbínú látorí ara ẹ̀, ọmọ yẹn ṣe gbogbo ẹ̀. Ó tún lọ gba àkọsílẹ̀ ìbí ẹ̀ láti Salzburg kó tó gbé ìròyìn ẹ̀ lọ síwájú Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní London, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1771. Ohun tí mi ò lè gbàgbé nínú ìròyìn yẹn ni pé ológbò kan tí ọmọ náà fẹ́ràn wọlé, ló bá fi dùùrù sílẹ̀ lọ bá a, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó rí i mú padà. Ìgbà míì á fi igi sáàárín ẹsẹ̀, á máa fi ṣe ẹṣin káàkiri yàrá. Ọmọ ni jàre!

Àwọn bàbá míì kọ́ ọ lára Leopold. Bàbá Beethoven, ọmọ tó padà di ọ̀kan lára àwọn olórin klásíkà tó lókìkí jù, kéde ní Cologne ní March 1778 pé ọmọ òun ọdún 6 fẹ́ ṣeré, ọmọ náà sì ti pé 7. Bàbá George Bridgetower ní tiẹ̀ sọ ara ẹ̀ di ọmọ ọba Áfíríkà, ó gbé ọmọ yẹn dé Paris ní 1789 pẹ̀lú fayolíìnì, lẹ́yìn náà London, àfi ìgbà tí ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì gba ọmọ sọ́dọ̀ ara ẹ̀. Bridgetower yìí ló bá Beethoven fúnra ẹ̀ ṣeré ní Vienna ní May 1803. Ní 1910, nígbà tí ọmọ olórin kan tó ń jẹ́ Korngold wà lọ́mọ ọdún 13, wọ́n ṣe orin ijó tó kọ ní ilé ọpẹ́rà ọba ní Vienna, bàbá ẹ̀ sì ni ẹni tó ń ṣe lámèyítọ́ orin nínú ìwé ìròyìn ńlá ìlú yẹn, ẹnu ò sì kúrò lára wọn.

Ti Josef Hofmann ló yàtọ̀. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tó ṣeré ní Metropolitan Opera House ní New York ní November 1887, ariwo gba ìlú, kọ́ńsáàtì lórí kọ́ńsáàtì, títí ẹgbẹ́ tó ń gbèjà ọmọdé fi dìde pé iṣẹ́ yẹn ti pọ̀ jù. Olówó kan, Alfred Corning Clark, gbé dọ́là 50,000 kalẹ̀ pé kí ọmọ yẹn má ṣeré níta mọ́ títí á fi pé ọdún 18. Wọ́n gbà á. Hofmann lọ kọ́ṣẹ́, ó padà dé ní 1894, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn tó mọ dùùrù tẹ̀ jù láyé.

Tẹlifíṣọ̀n wá dé, BBC bẹ̀rẹ̀ ìdíje àwọn ọ̀dọ́ olórin ní 1978, èyí tí Sheku Kanneh-Mason gbà ní 2016 kó tó ta sẹ́lò, ohun èlò orin olókùn tó tóbi ju fayolíìnì lọ, níbi ìgbéyàwó Harry àti Meghan ní 2018. Mo gbádùn ìyẹn gan-an, torí ọdọ́mọkùnrin tó mọ ohun tó ń ṣe ni.

Ṣùgbọ́n Nannerl ni mo máa ń rò jù. Nígbà tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà míì wà tó jẹ́ orúkọ tiẹ̀ ló máa ń ṣáájú nínú ìpolówó. Ní December 1769, Leopold àti Wolfgang gbéra lọ sí Ítálì, wọ́n fi òun àti ìyá ẹ̀ sílé. Ó ti pé ọdún 18, àsìkò ọjà tiẹ̀ ti kọjá. Láti Rome, ní July 1770, àbúrò ẹ̀ kọ lẹ́tà sí i pé orin tó kọ dára, ó yà á lẹ́nu bó ṣe mọ orin kọ tó bẹ́ẹ̀, ó ní kó máa kọ sí i. Orin yẹn ò sí mọ́ lónìí, kò sì sí ìkankan nínú èyí tó kọ tó kù.