Orísun àwọn pùròtéènì tó ń gbé fítámìn nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn

Àwọn pùròtéènì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí fítámìn máa ń lẹ̀ mọ́ kí ó tó dé ibi tí ara ti fẹ́ lò ó. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀dọ̀ ni gbogbo wọn ti wá.

Epo pupa tí wọ́n fi ń se ẹ̀fọ́ ní Òṣogbo ní èròjà tí ara ń sọ di fítámìn A, inú ẹ̀dọ̀ ló sì ń pamọ́ sí. Bí ara bá nílò rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ á so ó mọ́ pùròtéènì RBP4, á sì tú u sínú ẹ̀jẹ̀. RBP4 kéré débi pé kíndìnrín ìbá tètè sẹ́ ẹ kúrò, bí kì í bá ṣe transthyretin, pùròtéènì mìíràn, tó dì mọ́ ọn.

Ẹ̀dọ̀ náà ló ń ṣe èyí tó ń gbé fítámìn D. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Hirschfeld, ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1959 lábẹ́ orúkọ Gc, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé fítámìn ló ń gbé. À ń jogún irú Gc tí a ní lọ́dọ̀ òbí. Síbẹ̀, ìwádìí kan tó jáde ní 1968 fi hàn pé bí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún aláìsàn, irú Gc ti ẹni tó ni ẹ̀dọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń hàn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rí tó dájú nìyẹn pé ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é.

Ti fítámìn B12, tó pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀ màlúù tí alápatà ń gé tà ní Ọjà Ọba, ló yàtọ̀ jù. Haptocorrin ló di nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ mú nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun àti àwọn tó ṣì ń dàgbà nínú mùdùnmúdùn eegun ló sì ń ṣe púpọ̀ nínú pùròtéènì yìí. Transcobalamin ló gbé ìyókù. Ọwọ́ rẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì jákèjádò ara ti ń gba B12, onírúurú sẹ́ẹ̀lì ló sì ń ṣe é, títí kan àwọn tó tẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀.

Nítorí náà, àpapọ̀ iye B12 tó wà nínú èsì àyẹ̀wò lè ṣini lọ́nà. Ọmọ tí a bí láìní transcobalamin lè ní àìtó ẹ̀jẹ̀ tó le, kí iye B12 rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ọmọ tó yá gágá mu, torí haptocorrin ṣì di tirẹ̀ mú. Nínú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní chronic myeloid leukaemia, ẹ̀wẹ̀, sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń pọ̀ ṣáá ń tú haptocorrin jáde, B12 á sì ga fíofío láìjẹ́ pé oúnjẹ aláìsàn yí padà. Bí irú èsì bẹ́ẹ̀ bá jáde fún ẹni tí kò lo B12 oníhóró tàbí abẹ́rẹ́ rẹ̀, iye sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àti ìlera ẹ̀dọ̀ ló yẹ kí dókítà yẹ̀ wò.