Bí Ọ̀bẹ Tí Kì Í Dípẹtà Ṣe Dé Ilé Ìdáná

Kí ọ̀bẹ tó ń dán tó kún àtẹ ní Dùgbẹ̀, ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ ló ń bẹ iṣu n'Ìbàdàn. Irin tí wọ́n yọ́ ní irú ìlú bí Ìsùndúnrin ni wọ́n kọ́kọ́ ń rọ. Nígbà tí ọkọ̀ pọ̀ ní títì, sipíríǹgì mọ́tò tó ti gbó gba ipò rẹ̀. Kábọ́nù, èròjà tó ń mú irin le, inú sipíríǹgì tó nǹkan bí 0.6%, bí ewìrì bá fẹ́ ẹ títí tó fi pọ́n, tí wọ́n rì í bọ epo, á le, á sì mú. Àmọ́ kò ní ohun tó lè fi bo ara rẹ̀. Fi í gé àlùbọ́sà, má nù ún: kí ọbẹ̀ tó hó, ojú rẹ̀ ti ń yí padà.

Pierre Berthier, onímọ̀ ohun alumọ́ọ́nì, ti rí i ní ilẹ̀ Faransé ní 1821 pé bí a bá po kúrómíọ̀mù, ohun alumọ́ọ́nì kan tó ń dán, mọ́ irin, ásíìdì kì í tètè jẹ ẹ́. Àwọn ará Jámánì gba ìwé àṣẹ lórí irú irin bẹ́ẹ̀ ní 1912. Ṣùgbọ́n Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú àwọn arọ̀bẹ, ló ti di ọ̀bẹ. Harry Brearley, onímọ̀ irin kan níbẹ̀, ń wá irin fún ìbọn tí inú rẹ̀ kò ní í tètè jẹ. Ní oṣù kẹjọ 1913, ó yọ́ ọ̀kan tí kúrómíọ̀mù rẹ̀ jẹ́ 12.8%, kábọ́nù 0.24%. Ásíìdì tó fẹ́ fi wo inú rẹ̀ kò ràn án. Ó gbé e fún fínígà àti omi ọsàn, wọn kò ràn án náà. Ernest Stuart, tó ń bá ilé iṣẹ́ ọ̀bẹ kan ṣiṣẹ́, ló sọ ọ́ ní stainless, ìyẹn èyí tí kì í ní àbàwọ́n.

Àṣírí rẹ̀ nìyí: kúrómíọ̀mù ló kọ́kọ́ fara gbá afẹ́fẹ́, ó sì fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú kò lè rí bo irin. Bí a bá ha á, awọ náà á tún hù. Kúrómíọ̀mù inú irin kò gbọ́dọ̀ dín ní nǹkan bí 10.5%. Awọ yìí yàtọ̀ sí ìpẹtà pupa, tó máa ń ṣí bọ́ tí omi á sì tún rí ọ̀nà wọlé.

Àwọn arọ̀bẹ kò tètè mọwọ́ rẹ̀. Irin kábọ́nù ń fẹ́ nǹkan bí 800°C kí wọ́n tó rì í bọ epo. Tuntun yìí ń fẹ́ bí 1,000°C. Ẹni tó bá lo iná àtijọ́ á rí ọ̀bẹ tó ń dán, tí kò gé nǹkan.

Fún ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ, ìwọ ni wàá fún un ní awọ. Fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, nù ún gbẹ, yá a fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, fi òróró ẹ̀kán méjì pa á títí dé ìdí èkù, nítorí ibẹ̀ ni omi máa ń sá pamọ́ sí. Má fi í sínú àkọ̀ tó tutù. Bí ó bá pọ́n nítorí ìpẹtà, fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, ṣan án kíá. Bí omi ọsàn bá gbẹ síbẹ̀, ìpẹtà tún dé. Dúdú tó wà lára rẹ̀ má fọwọ́ kàn án: òun náà ń dáàbò bo irin.

Stainless náà ní ọ̀tá: iyọ̀ àti bílíìsì ń jẹ awọ rẹ̀ kó tó hù, á sì dá ihò wínníwínní sí i lára. Bí òòfà bá sì mú un, má rò pé ayédèrú ni. Irú tó lè le dáadáa ni òòfà máa ń mú; ṣíbí tí òòfà kò mú kò ṣeé fi ṣe ọ̀bẹ gidi.

Ilé tó ń gé tòmátì lójoojúmọ́ tí kò ráyè nu nǹkan, stainless ni kó rà. Alápatà tó ń pọ́n ọ̀bẹ lórí òkúta láàárín oníbàárà méjì, ti alágbẹ̀dẹ ló yẹ ẹ́.