10,000 tí kì í pé: bí power bank ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹni tó ra power bank tí wọ́n kọ 10,000mAh sí lára (mAh ni wọ́n fi ń ka iná inú bátìrì), tí bátìrì fóònù rẹ̀ sì jẹ́ 5,000mAh, yóò ti fọkàn sí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni fóònù náà máa kún kí power bank tó tán. Ẹ̀ẹ̀kan àti àbọ̀ ló sábà máa ń rí. Ká tó wí, ó ti ń bú ẹni tó tà á fún un. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojúlówó pàápàá kò lè kó 10,000 yẹn wọ inú fóònù.

Ohun tó wà nínú ike náà kò ju bátìrì lithium-ion kan tàbí mélòó kan lọ, pẹ̀lú pátákó pẹlẹbẹ kékeré tó ń darí iná. Sony ló kọ́kọ́ gbé irú bátìrì yìí wá sọ́jà, lọ́dún 1991. (Ọdún 2019 ni John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino tó gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀. Goodenough ti di ẹni ọdún 97 kó tó kàn án!) Volt 3.7 ni wọ́n ń ka bátìrì náà sí, ṣùgbọ́n volt 5 ni ojú USB máa ń gbé jáde. Pátákó yẹn ló ń gbé 3.7 sókè di 5.

Ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń yí padà. Kíka mAh nìkan dà bí kíka kóńgò gàrí láìsọ bí kóńgò náà ṣe tóbi tó. Volt ni títóbi kóńgò. Bí a bá fi kóńgò kékeré (3.7) wọn gàrí tó pé 10,000, tí a wá fi kóńgò ńlá (5) tún un wọ̀n, 7,400 la máa bá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò bù nínú rẹ̀. Iye gàrí gan-an ni èyí tí wọ́n ń kọ ní Wh (watt-hour): mAh lọ́nà volt, ká wá fi 1,000 pín in. Ti 10,000mAh jẹ́ 37Wh.

Ooru ló ń bù ú ní tòótọ́. Gbígbé iná láti 3.7 sí 5 ń jẹ nínú rẹ̀, fóònù náà yóò sì tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó lè wọ bátìrì tirẹ̀. Bátìrì fóònù 5,000mAh ń gba nǹkan bíi 19Wh. Bí a bá yọ ohun tí ooru jẹ kúrò nínú 37, ká wá fi 19 pín ìyókù, ẹ̀ẹ̀kan àti àbọ̀ náà nìyẹn. Àwọn olóòótọ́ nínú àwọn tó ń ṣe é máa ń kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní, "Rated Capacity", ìyẹn iye tó ń jáde ní tòótọ́, níbi tí 10,000 ti ń di nǹkan bíi 6,000, kóńgò ńlá volt 5 ni wọ́n sì fi wọ̀n ọ́n.

Ní ti èyí tó ń yára kún fóònù, volt 5 náà ló ń bẹ̀rẹ̀. Power bank àti fóònù á kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wérọ̀ nínú wáyà, bí wọ́n bá sì gbà, á gòkè sí 9. Kọ̀ǹpútà alágbèéká lè béèrè 20. Bí wọn ò bá gbọ́ ara wọn yé, orí 5 ni wọ́n máa wà.

Ní pápákọ̀ òfurufú, Wh ni òfin ń wò. Èyí tí kò bá ju 100Wh lọ ń bá èrò wọ bàálù nínú báàgì ọwọ́. Láti 100 sí 160, àfi kí iléeṣẹ́ bàálù fọwọ́ sí i, kò sì gbọdọ̀ ju méjì lọ. Èyí tó bá ju 160 lọ, ilé ni kó wà. 20,000mAh jẹ́ 74Wh, kò léwu. Ṣùgbọ́n 30,000 tí àwọn ènìyàn ń rà nítorí àìsí iná nílé ti di 111Wh.

Kò sí èyíkéyìí tó gbọdọ̀ wọ inú ẹrù tí wọ́n ń kó sí ìsàlẹ̀ bàálù. Bí bátìrì kan bá gbóná kọjá ààlà, ooru rẹ̀ á ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lókè, òṣìṣẹ́ bàálù á tètè rí i, á sì da omi sí i. Ní January 2025, bàálù Air Busan jóná ní pápákọ̀ Gimhae ní Gúúsù Kòríà kó tó gbéra, àwọn aláṣẹ sì sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ power bank ló fà á. Láti March ni wọn ò ti gbà á mọ́ níbẹ̀ kí èrò kó o sínú àpótí òkè orí. Emirates ní tiwọn fòfin de lílò rẹ̀ nínú bàálù láti October 1, 2025.

Ó wá ku ayédèrú. Bátìrì roboto tó gbòde, 18650, kì í sábà ju 3,500mAh lọ, ó sì ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 45 sí 50. Kí power bank tó lè pé 50,000, ó gbọ́dọ̀ ní nǹkan bíi 15 nínú, ìyẹn bíi gíráàmù 700 láìtíì ka ike. Èyí tó fúyẹ́ lọ́wọ́ bíi fóònù, tí wọ́n kọ 50,000 sí lára, irọ́ ni. Ìyà rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po méjì fẹ́ni tó ń rìnrìn àjò: nọ́ńbà tí wọ́n kọ ni òṣìṣẹ́ pápákọ̀ ń kà, 50,000 sì jẹ́ 185Wh lójú wọn, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó kún fóònù kan.