Ohun tí kò jẹ́ kí ogun Kírìjì tètè parí

Bí a bá béèrè ohun tó dá ogun Kírìjì sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ìtàn ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń sọ. Ajẹ́lẹ̀ ni aṣojú tí Ìbàdàn fi sí àwọn ìlú tó ti ṣẹ́gun ní Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà àti Àkókó. Ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n ní kó máa gbà, ṣùgbọ́n òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kì í mọ sórí ìyẹn: ewúrẹ́ onílé, iṣu olóko, ohun tójú wọn bá ti rí ni. Ní 1878, Fábùnmi, jagunjagun ará Òkè-Ìmẹ̀sí, pa ajẹ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tí ọkùnrin náà fọwọ́ kàn ni wọ́n ní ó bí i nínú. Àwọn ìlú yòókù náà bá dojú kọ ajẹ́lẹ̀ tiwọn, Èkìtì Parapọ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ ogun àwọn ìlú náà, dìde, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà sì di ọ̀gágun wọn.

Ìtàn náà kì í ṣe irọ́. Àmọ́ ìbínú kan kì í gbé ogun abẹ́lé fún ọdún 16. Ọ̀nà ọjà ló yẹ kéèyàn wò.

Ìbàdàn jìnnà sí òkun. Èkó àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni ìbọn, ẹ̀tù àti iyọ̀ ti ń wọlé, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ló sì wà lójú ọ̀nà. Ọjà ààlà ni wọ́n ti ń ra ẹrù lọ́wọ́ ará òkè, tí wọ́n ń tà á fún ará etí òkun, oníbodè sì ń gba tirẹ̀. Bí Ìbàdàn bá dé etí omi fúnra rẹ̀, èrè àárín yẹn parí nìyẹn. Yàtọ̀ sí èyí, ta ló fẹ́ kí ẹ̀tù tó gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá padà wá ka òun mọ́lé? Ní 1877, Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, rán àwọn èèyàn lọ ra ẹ̀tù ní Àjàṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀, àwọn Ẹ̀gbá kọ lù wọ́n. Ogun Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá ti bẹ̀rẹ̀ kí Fábùnmi tó yọ idà. Ìjẹ̀bú náà ti ọ̀nà tirẹ̀ pa. Ìgbà tí ẹ̀tù ṣòroó rí fún Ìbàdàn gan-an ni Èkìtì dìde.

Kí ni wọ́n wá fi ń ra ohun ogun? Ẹrú ni. Nínú agbo ilé ológun, ẹrú ló ń roko, òun ló ń gbé ìbọn tẹ̀ lé olówó rẹ̀, òun náà ni wọ́n sì ń tà. Àwọn tó ń wín ológun ní ìbọn àti ẹ̀tù ń retí pé kí wọ́n fi ìkógun san án. Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà wà lára wọn, títí ó fi rẹ̀ ẹ́ pé gbèsè ń pọ̀, ẹni tó ń san kò sí. Ní 1874, Látòósà ka ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta sí i lọ́rùn: kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sójú ogun, kò sì jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun dé. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀kẹta nìkan ni kò ná èèyàn lówó. Wọ́n yọ ọ́ lóyè, wọ́n sì pa á lọ́dún náà.

Ìbàdàn tẹ̀dó sí Ìgbájọ, Èkìtì Parapọ̀ wà ní Ìmẹ̀sí-Ilé, òkè sì wà láàárín wọn. Dídún ìbọn ńlá láàárín òkè ló bí orúkọ Kírìjì. Ṣakabùlà ni ọ̀pọ̀ ń lò: wàá da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, wàá fi ọ̀pá kì í, wàá ju ọta sí i, kó o tó yìn ín. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó, tí àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tó ti Sierra Leone padà wálé, wà nínú wọn, ra ìbọn Snider ránṣẹ́ sílé. Ìdí ni wọ́n ti ń ki ọta bọ Snider, ó sì ń ta jìnnà ju ṣakabùlà lọ. Ìbàdàn kò lè rọ́ wọlé mọ́ bó ti máa ń ṣe, Èkìtì náà kò sì lágbára tó láti lé e kúrò. Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìlọrin àti Ifẹ̀ tún wà lọ́rùn Ìbàdàn: ojú ogun márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Àgọ́ di ìlú. Wọ́n mọ ilé, wọ́n dáko, wọ́n bímọ síbẹ̀. Látòósà alára kú sí àgọ́ ní 1885.

Ta ló lè kọ́kọ́ ṣí kúrò? Ẹni tó bá kẹ́yìn sí ọ̀tá, wọ́n á lé e dé ilé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò sí nínú ìjà ló ní láti dúró sí àárín. Àwọn àlùfáà ìjọ, Samuel Johnson láti Ọ̀yọ́ àti Charles Phillips láti Oǹdó, ló gbé ọ̀rọ̀ ìjọba òyìnbó ní Èkó lọ bọ̀. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé ní 1886, àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà gba òmìnira, wọ́n sì dáná sun àgọ́ Kírìjì ní oṣù kẹsàn-án.

Ìlọrin kò gbà, ìjà tiwọn pẹ̀lú Ìbàdàn sì ń lọ. Ọ̀nà ọjà náà kò tíì ṣí. Òyìnbó ló fi ìbọn ṣí ti Ìjẹ̀bú ní 1892. Ní 1893, Carter, Gómìnà Èkó, gòkè lọ tú àgọ́ Ìbàdàn ní Ìkìrun àti ti Ìlọrin ní Ọ̀tan. Kí ọdún náà tó parí, ó ti fi Captain Bower sí Ìbàdàn láti máa ṣojú ìjọba. Orúkọ tí àwọn èèyàn pe irú òyìnbó bẹ́ẹ̀ ni ajẹ́lẹ̀.