Ta Ló Ń Jẹun Nídìí Ogun?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wẹ́dà kan gbé ìwé òwò rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì mi nítòsí Tàkié, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, kí n bá a ṣírò owó-orí. Rédíò ń ròyìn ogun lọ́wọ́. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í rẹ àwọn tó ń jagun wọ̀nyí ni?” Mo ní kó jẹ́ kí n fi iṣẹ́ tirẹ̀ ṣàlàyé.

Bí mo bá gbé géètì fún ọ ṣe, tí a ti dúnàádúrà tán, tí irin wá gbówó lórí lọ́la, ìwọ lo máa fara gbá a. Ìdí nìyẹn tí o fi ń rìn kiri ọjà kí o tó ra irin. Ká wá ní mo sọ pé iyekíye tí o bá ná, màá dá a padà, màá sì tún fún ọ lérè, ṣé o ṣì máa rìn kiri? Irú àdéhùn yẹn pọ̀ nínú iṣẹ́ ohun ìjà ní Amẹ́ríkà, pàápàá bó bá jẹ́ ohun tí ẹnì kankan ò tíì ṣe rí. Kí n má purọ́ mọ́ wọn: òfin wọn ò gbà kí èrè máa ga bí ìnáwó ṣe ń ga. Àmọ́ bí iṣẹ́ bá falẹ̀, owó ìlú ló ń gbé e. Àwọn tó ń ṣe é ò sì pọ̀ mọ́. Ilé-iṣẹ́ ńlá 51 ló wà nídìí iṣẹ́ yìí níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Wọ́n ra ara wọn títí wọ́n fi ku 5.

Ológun gan-an ló ké gbàjarè. Dwight Eisenhower ti jẹ́ ọ̀gágun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì kó tó di ààrẹ Amẹ́ríkà. Ní January 17, 1961, tó ku ọjọ́ mẹ́ta kó kúrò lórí àléfà, ó kìlọ̀ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé kí wọ́n ṣọ́ra fún agbára tí àwọn ológun àti àwọn tó ń rọ ohun ìjà jọ ní.

Wo ọkọ̀ òfuurufú ogun F-35 tí ilé-iṣẹ́ Lockheed Martin ń tò pọ̀ ní Fort Worth, ní Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ tó lé ní 40 ni wọ́n ti ń rọ ẹ̀yà ara rẹ̀. Aṣòfin tó bá ní kí wọ́n dín in kù, àwọn òṣìṣẹ́ ìlú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kojú rẹ̀. Èèyàn burúkú kọ́ ni wọ́n. Oúnjẹ ọmọ ni wọ́n ń wá, ohun tó sì ń já mi láyà jù nìyẹn.

Kì í ṣe ti òyìnbó nìkan o. Àwọn olórí ogun Ìbàdàn a máa gba ìbọn àti ẹ̀tù láwìn lọ́wọ́ Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Ẹrú àti ẹrù tí wọ́n bá kó bọ̀ ni wọ́n ń fojú sọ́nà sí láti san gbèsè. Bí kò bá sí ogun mìíràn, kí ni wọ́n fẹ́ fi san án? Lára ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, kà sí i lọ́rùn ni pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sójú ogun. Wọ́n pa á ní 1874. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ogun Kírìjí bẹ̀rẹ̀, ó sì gba ọdún 16.

Wẹ́dà yẹn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá bi mí pé, “Owó ààbò tí àwọn gómìnà tiwa ń gbà ńkọ́, Bàbá? Ta ló ń yẹ ìwé ìyẹn wò?”

Mo wo rìsíìtì irin tó kó síwájú mi, tó tò wọ́n lọ́jọ́ lọ́jọ́, títí kan ti ọgọ́rùn-ún náírà. Mo ní, “Ọmọ mi, wọn kì í sábà kó ìwé ìyẹn síwájú ayẹ̀wéwò.”