Kí ni tilt? Omi dànù, a tún fọ́ agbè

"Omi ló dànù, agbè kò fọ́." Bí a ṣe ń tu ẹni tí àdánù bá nínú nìyẹn. Nídìí póká, eré káàdì tí wọ́n ń fi owó ta, orúkọ wà fún ìdàkejì rẹ̀: kí omi díẹ̀ dànù, kí ẹni tó gbé agbè wá fi ìbínú là á mọ́lẹ̀. Tilt ni wọ́n ń pè é.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ni tilt tí o máa ń kọ káàkiri yẹn?" Bàbá Ìjìgbò, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló bi mí bẹ́ẹ̀ nídìí ọpọ́n ayò ní Adó-Èkìtì. Èsì tí mo fún wọn ni mo kọ síbí, mo kàn fi ẹran díẹ̀ kún un.

Ọ̀rọ̀ náà kò ti ìdí káàdì wá. Ẹ̀rọ eré kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ pinball. Bọ́ọ̀lù irin kékeré ń yí lórí pátákó dídagẹ̀rẹ̀ tí gíláàsì bò, ẹni tó ń ṣeré kò sì fẹ́ kó bọ́ sí ìsàlẹ̀. Bí ó bá fẹ́ bọ́, àwọn èèyàn a máa gbá ẹ̀rọ náà, wọ́n a máa tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ní àwọn ọdún 1930, Harry Williams ṣe ohun kan sínú ẹ̀rọ náà tó ń mọ̀ bí wọ́n bá ń mì ín jù. Nínú irú èyí tó wọ́pọ̀ jù, irin kan ló rọ̀ sáàárín òrùka irin. Bí ẹ̀rọ bá fì, irin a kan òrùka, TILT a hàn, ẹ̀rọ a dákẹ́, bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ fi agídí gbà là a sì lọ.

Fì. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ náà tipẹ́. Ẹrù orí a máa fì. Ẹni tó rù ú kì í tètè mọ̀, nítorí ọrùn rẹ̀ ti bá ẹrù tẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń rí i. Bẹ́ẹ̀ ló rí nídìí póká, àfi pé ẹni tó rí ọ níbẹ̀ kò ní kìlọ̀ fún ọ. Owó rẹ ló ń dúró dè.

Kí ló ń mú un fì? Nínú ayò, ohun gbogbo wà ní gbangba: ihò 12, ọmọ ayò 48. Bí ọ̀ta bá na ọ̀pẹ, ọ̀pẹ mọ̀ pé òun ni òun ṣìṣirò. Póká kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú irú tí wọ́n ń ta jù, Texas Hold'em, káàdì méjì wà lọ́wọ́ olúkúlùkù tí ẹlòmíràn kò rí, márùn-ún sì ń jáde sórí tábìlì fún gbogbo wọn. Èèyàn lè ṣe ohun tó tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó sì pàdánù. Ace méjì ni káàdì tó dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá pàdé king méjì, tí àwọn méjèèjì ti kó gbogbo owó wọn sílẹ̀ kí káàdì kankan tó dé orí tábìlì, ace á jẹ ní nǹkan bí ìgbà 82 nínú 100. Nínú 18 tó kù yẹn ni tilt ń ba sí.

Ó ba mí níbẹ̀. Mo gbéra láti Adó lọ sí Èkó, 150,000 náírà wà lápò mi fún eré náà nìkan. Kò tíì pé wákàtí kan tí mo jókòó tí ace méjì wọ ọwọ́ mi. King méjì ló wà lọ́wọ́ ẹnì kejì. A kó owó sílẹ̀, káàdì tó kẹ́yìn jáde, king ni. King mẹ́ta sì ju ace méjì lọ. 50,000 lọ. Omi nìyẹn, mi ò sì ṣe àṣìṣe kankan. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ni tilt. Èmi tí mo máa ń ju káàdì tí wọ́n pín fún mi nù ní ìgbà mẹ́rin nínú márùn-ún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohunkóhun tí wọ́n bá pín. Queen pẹ̀lú 4, tó yẹ kí n jù nù, mo ta á. Ọkùnrin tó jẹ mí nìkan ni mo dojú kọ, bí ẹni pé ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni owó mi ti lè padà wá. Láàárín wákàtí méjì, 100,000 tó kù ti tán. Káàdì gba 50,000 lọ́wọ́ mi. Ìlọ́po méjì rẹ̀ ni mo fi ọwọ́ ara mi dànù.

Nítorí náà, pípàdánù kọ́ ni tilt. Ariwo kọ́ pẹ̀lú. Phil Hellmuth, tó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé póká ní 1989 nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 24, a máa pariwo mọ́ àwọn tó bá jẹ ẹ́ débi pé wọ́n sọ ọ́ ní Poker Brat, ọmọ àkẹ́bàjẹ́ ìdí póká. Síbẹ̀, ẹ̀gbà ọwọ́ 17, àmì ẹ̀yẹ ẹni tó bá borí, ló ti gbà ní World Series of Poker, ìdíje àgbáyé yẹn kan náà. Ẹlòmíràn kò sì ní sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹrù rẹ̀ á ti fì tán: ẹ̀rù ti bà á, kò lè fi káàdì tó dára gbowó mọ́. Ẹni tó ń jẹ náà ń fì, nígbà tó bá ti gbà pé òun kò lè pàdánù lónìí. Ìpinnu ni kí ẹ máa wò. Ṣé ohun tí ẹ ì bá ṣe ní wákàtí kan sẹ́yìn lẹ ṣì ń ṣe?

Àwọn ọ̀ta ayò mọ èyí láìsí pé ẹnì kan fi póká hàn wọ́n. Ìdí tí wọ́n fi ń fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́, tí àwọn òǹwòran ń bá wọn gbè é, nìyẹn. Ọ̀pẹ tí inú bá ń bí kò ní ka ọmọ tó wà nínú odù mọ́.

Nígbà tí mò ń padà bọ̀ láti Èkó, mo tún rí i lójú ọ̀nà. A ti kúrò ní Iléṣà, a ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n, Sienna kan já wọlé níwájú wa, díẹ̀ ló kù kó gbá wa. Kò gbá wa. Àmọ́ awakọ̀ wa tó ti ń rọra bọ̀ láti àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lé e ní kọ́nà. Màmá kan tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ló fọwọ́ kàn án léjìká: "Dírẹ́bà, ọmọ mi, rọra. Ilé là ń lọ." Ó mí kanlẹ̀, ó sì jẹ́ kí Sienna náà máa lọ. Kò sí irú màmá bẹ́ẹ̀ nídìí tábìlì póká.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù ni ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀tì. Rikọ́fà ni àwọn ọmọ wa ń pè é níbẹ̀. 500 náírà ọmọ kan lọ, ó fi 1,000 lé e kó lè gbà á padà. Ìyẹn náà lọ, ó fi 2,000 lé e, lẹ́yìn náà 4,000. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré, 500 ti di 7,500. Nídìí póká, ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ lè gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ti fì. Ní ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀tì, oníṣọ́ọ̀bù ti yọ tirẹ̀ nínú iye tó máa san kí o tó fọwọ́ kan nǹkan kan, nítorí náà ìfarabalẹ̀ pàápàá kò lè gba owó yẹn padà. Gbogbo ọmọ tí mo bá rí tó ń lé owó lọ níbẹ̀ ni mò ń sọ ọ́ fún.

Ní tèmi, owó eré ọjọ́ kan ni mò ń mú jáde báyìí, káàdì bánkì mi á wà nílé. Bí mo bá pàdánù irú ti ace yẹn, mo ti dìde. Mi ò ń bi ara mi bóyá inú ń bí mi, torí ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀ kọ́ ló ń mọ̀. Mo jáde síta, mo ra omi, mo pe ìyàwó mi.

Bàbá Ìjìgbò gbọ́ gbogbo èyí láì gbójú kúrò lórí ọpọ́n. Ẹni tó ń bá wọn ta ti jẹ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti ń kọrin sí wọn. Wọ́n kó ọmọ ayò jọ, wọ́n ń dá wọn padà sínú ihò ní mẹ́rin mẹ́rin. Bí wọ́n ṣe dé ihò tó kẹ́yìn, ọwọ́ wọn dúró.

"Bọ́ síbí, bá mi ta ọ̀kan yìí," ni wọ́n wí. "Mo fẹ́ lọ bọ́jú."