Inú Ètò Ìṣúná Ni Kí Ẹ Ti Wá Ẹ̀tọ́ Ọmọdé

Ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ tó ń wá bá wa pé àwọn fẹ́ gbèjà àwọn ọmọ ló máa ń kọ́kọ́ béèrè òfin: òfin wo ló wà, kí ló sọ, ta ló rú u? Ìbéèrè gidi ni. Àmọ́ ohun tí mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá ni ètò ìṣúná ìjọba, ti ọdún yìí àti ti èṣí, kí a jọ jókòó kà á. Òfin lè sọ pé gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Bí kò bá sí owó olùkọ́, owó ìwé àti owó ìjókòó nínú ìṣúná, ọwọ́ òfo ni ọmọ náà yóò bá délé.

Ní ti òfin fúnra rẹ̀, àwọn tó ṣáájú wa ti ṣe púpọ̀. Ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1989 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé fọwọ́ sí Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1990. Nínú gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ náà, Amẹ́ríkà nìkan ni kò tíì gbà kí ó de òun. Ó buwọ́ lù ú ní 1995, ọ̀rọ̀ sì dúró síbẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe tiwọn ní 1990, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1999. Ẹsẹ 28 nínú Àdéhùn àgbáyé náà ní ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ àti dandan fún gbogbo ọmọ. Ẹsẹ 24 sọ̀rọ̀ ìlera, 31 sọ̀rọ̀ ìsinmi àti eré, 12 sì ní kí a gbọ́ tẹnu ọmọ lórí ohun tó bá kàn án.

Ẹsẹ tí a kì í sábà rántí ni Ẹsẹ 4, òun ló sì ṣe kókó jù fún ohun tí mo ń bá yín sọ. Ó ní kí ìjọba fi gbogbo agbára tí ohun ìní rẹ̀ bá ká mú ẹ̀tọ́ wọ̀nyí ṣẹ. Ní 2016, Ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó Àdéhùn náà tẹ ìwé àlàyé jáde lórí ẹsẹ yìí, lórí ìṣúná gan-an. Kò sẹ́ni tó retí pé kí orílẹ̀-èdè tálákà ná iye tí olówó ń ná, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé òun sa gbogbo ipá òun. Kò sì gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fa àwọn ọmọ sẹ́yìn kúrò níbi tí wọ́n ti dé. Bí ọrọ̀ ajé bá dẹnu kọlẹ̀, tí gígé owó wá di dandan, àwọn ọmọ ló yẹ kí ó kàn gbẹ̀yìn, pàápàá àwọn tí ìyà ti ń jẹ tẹ́lẹ̀.

Ìṣúná kì í ṣe ìwé kan ṣoṣo. Ìjọba a kọ́kọ́ dá a lábàá, ilé aṣòfin a yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n a fọwọ́ sí i, iléeṣẹ́ ìṣúná a bẹ̀rẹ̀ sí í tú owó sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ yòókù a ná an, ayẹ̀wé-owó-wò a sì wá tọpa rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọjọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ sí i ni ariwo máa ń pọ̀ jù, ọjọ́ náà sì ni ọ̀pọ̀ àwa agbẹnusọ ń pàtẹ́wọ́ tí a ń lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ sì ni owó tí a kọ sílẹ̀ yàtọ̀ sí owó tí a tú sílẹ̀, èyí tí a tú sílẹ̀ sì yàtọ̀ sí èyí tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Láàárín 1991 sí 1995, ìjọba àpapọ̀ Uganda ń fi owó ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú iye akẹ́kọ̀ọ́ wọn, yàtọ̀ sí owó oṣù olùkọ́. Nígbà tí àwọn olùwádìí wá ń ti ilé ìwé kan bọ́ sí òmíràn láti béèrè iye tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ìdá 13 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ìpíndọ́gba rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé kò rí nǹkan kan gbà rárá. Ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ agbègbè ni ìyókù ti ń dúró. Lẹ́yìn náà ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iye tí wọ́n fi ránṣẹ́ sínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì ní kí ilé ìwé kọ iye tó dé ọwọ́ wọn síta gbangba kí òbí lè kà á. Nígbà tí wọ́n tún padà wádìí ní ọdún mélòó kan sí i, owó tó ń dé ilé ìwé ti tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá ìwé ìròyìn ló ṣe gbogbo rẹ̀, torí pé àwọn àtúnṣe mìíràn wáyé lákòókò kan náà. Èyí tí kò ní àríyànjiyàn ni pé bí kò bá sẹ́ni tó lọ béèrè nílé ìwé, ohun tí ìwé ìjọba ì bá máa sọ ni pé owó náà ti lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ.

Ẹ kò nílò ìwé ẹ̀rí ìṣirò owó kí ẹ tó lè ka ìṣúná. Ẹ wá iye tó lọ sí ẹ̀kọ́, kí ẹ wò ó pé ìdá mélòó ló jẹ́ nínú gbogbo ìnáwó ìjọba. Ní Incheon ní Gúúsù Kòríà, ní 2015, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé ó kéré tán, kí ẹ̀kọ́ gba ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìnáwó ìjọba, tàbí ìdá 4 sí 6 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ọrọ̀ tí orílẹ̀-èdè ń pèsè lọ́dún. Ẹ fi tiyín wé e. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ti ọdún yìí wé ti èṣí, kí ẹ má sì gbàgbé ọ̀wọ́n ọjà. Bí owó ẹ̀kọ́ bá fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i nígbà tí ọjà fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún gbówó lórí, wọ́n ti gé owó àwọn ọmọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ìwé sọ ni pé wọ́n fi kún un. Ẹ tún pín owó náà sórí iye ọmọ. Níbi tí àwọn ọmọ ti ń pọ̀ sí i, owó tó dúró lójú kan ń dín kù lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Mo ti bá aṣòfin pàdé tó gbà tọkàntọkàn pé àwọn ti gbìyànjú fún àwọn ọmọ, tó sì jẹ́ pé ìṣirò kékeré yìí ni kò sẹ́ni tó ṣe fún un rí. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Iye tó rí nínú ìwé ló gbà gbọ́.

Ìṣirò yìí náà ló máa gbà wá lọ́wọ́ ìlérí tí a kò gbé ẹrù rẹ̀ wò. Nígbà tí Malawi sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní 1994, iye akẹ́kọ̀ọ́ fò láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 láàárín ọdún kan. Ayọ̀ ńlá ni, torí àwọn ọmọ tí owó ilé ìwé ti sé mọ́lé rí ọ̀nà wọlé. Ṣùgbọ́n yàrá, ìwé àti olùkọ́ kò bá wọn pọ̀ sí i. Wọ́n gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùkọ́ tí kò rí ìdálẹ́kọ̀ọ́ tó, ọmọ tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì ń fún ara wọn mọ́ kíláàsì kan ní ọ̀pọ̀ ibi. Mi ò sọ pé kí wọ́n má ṣe é o. Nígbà tí a bá ń béèrè ilé ìwé ọ̀fẹ́, kí a béèrè olùkọ́ àti yàrá nínú gbólóhùn kan náà ni mo ń wí.

Ẹ má dúró sí iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́ nìkan. Ilé ìwé tí kò ní omi, ìṣúná iléeṣẹ́ omi ni kí ẹ wò. Ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ti ń gbá ọmọ, iléeṣẹ́ iṣẹ́ òde ló ni ín. Ọmọ tí wọ́n kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà ìbí, gẹ́gẹ́ bí Ẹsẹ 7 ṣe ní kí wọ́n ṣe, lè ṣàì sí nínú iye tí wọ́n fi ń ṣírò abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìjókòó kíláàsì. Ìpíndọ́gba náà máa ń bo àwọn kan mọ́lẹ̀: ilé ìwé lè dára fún ọ̀pọ̀ ọmọ, kí ọmọ tó ń fi kẹ̀kẹ́ rìn má sì lè gun àtẹ̀gùn rẹ̀. Ní Wales, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2011 sọ ọ́ di dandan fún àwọn mínísítà pé kí wọ́n ka Àdéhùn náà sí nínú iṣẹ́ wọn. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ níbi gbogbo, kí ìbéèrè “kí ni èyí máa ṣe fún ọmọ?” lè wáyé kí ìpinnu tó délẹ̀.

Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Nígbà tí àbá ìṣúná bá fi máa dé iwájú àwọn aṣòfin, ọ̀pọ̀ owó ti ní ibi tó ń lọ. Oṣù mélòó kan ṣáájú ni àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń kọ ohun tí wọ́n fẹ́, ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ yín wúlò jù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìṣúná ìgbà tí wọ́n ń gba àbá.

Nígbà tí ẹ bá sì ń kọ lẹ́tà, ẹ má kọ pé “kí ìjọba tọ́jú àwọn ọmọ wa”. Kò sẹ́ni tó máa lòdì sí i, kò sì sẹ́ni tó máa ṣe é. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ béèrè. Ẹ sọ pé iye ilé ìwé báyìí ní agbègbè yín kò ní ilé ìyàgbẹ́ tó dá wà fún àwọn ọmọbìnrin, pé iye tí ìjọba fúnra rẹ̀ fi kọ́ ọ̀kan lọ́dún tó kọjá nìyí, pé kí wọ́n fi í sí abẹ́ ìlà báyìí nínú ìṣúná tó ń bọ̀. Akọ̀wé tó bá gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò lè fi àdídùn dá a lóhùn.

Wọ́n lè ní kò sí owó. Nígbà mìíràn òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má gbà á láìbéèrè ìdí. Ní India ní 2001, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ gíga jùlọ torí pé ebi ń pa àwọn ará ìlú nígbà tí ọkà kún àká ìjọba. Ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ máa fún ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oúnjẹ sísè, tó ní kálórì 300 ó kéré tán, fún ó kéré tán ọjọ́ 200 lọ́dún. Àwọn ìpínlẹ̀ kan fa ẹsẹ̀ gan-an kí wọ́n tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ọkà ti wà nílẹ̀ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀; ìpinnu pé ọmọ ni kó jẹ ẹ́ ni kò sí.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ fúnra wọn ká mi lára púpọ̀. Mo ti rí ìpàdé tí wọ́n mú ọmọ dé, tí wọ́n fi aṣọ ilé ìwé tuntun wọ̀ ọ́, tí wọ́n sì fún un ní ọ̀rọ̀ tí àgbà kọ kó kà á. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní kó máa lọ, ìjíròrò owó wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹsẹ 12 kò ní irú èyí lọ́kàn. Ní Boston ní Amẹ́ríkà, láti 2014, ìlú náà ya mílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀ kí àwọn ọ̀dọ́, bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún 12, dìbò lórí ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Ohun tí ẹ̀yin lè ṣe kò nílò dọ́là: ẹ bi àwọn ọmọ léèrè kí ẹ tó kọ lẹ́tà yín, kí ẹ sì padà sọ fún wọn ohun tí ìjọba fèsì. Bí ọmọ bá sì sọ ohun tí wọ́n ṣe sí i nílé tàbí nílé ìwé, ẹ má gbé orúkọ tàbí àwòrán rẹ̀ dé ìta nítorí àti fi gba owó ìṣúná. Ààbò rẹ̀ ló ṣáájú.

Bí ilé bá ti gbogbo ilẹ̀kùn, ọ̀nà ṣì wà níta. Lọ́dún márùn-ún márùn-ún ni Ẹsẹ 44 ní kí ìjọba máa jíhìn fún Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 18 tó ń mójú tó Àdéhùn náà ní Geneva, àwọn ẹgbẹ́ aráàlú sì lè fi ìròyìn tiwọn ránṣẹ́ pẹ̀lú. Láti oṣù kẹrin ọdún 2014, ọmọ tàbí ẹni tó ń ṣojú rẹ̀ lè gbé ẹ̀sùn lọ síbẹ̀, bí orílẹ̀-èdè rẹ̀ bá ti gba ìwé àfikún tó fàyè gba ìyẹn, tí wọ́n sì ti gbìyànjú ilé ẹjọ́ ilé tán. Ẹ wá ìmọ̀ràn tí Ìgbìmọ̀ náà fún ìjọba yín kẹ́yìn, gbangba ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti mẹ́nu ba ìṣúná nínú rẹ̀, ẹ da gbólóhùn náà kọ sí òkè lẹ́tà yín sí iléeṣẹ́ ìṣúná, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí alága ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ nílé aṣòfin.